Ẹ Tú Báàgì Yẹn Ká Rí I

Ní Kétu, bí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn ìyá wa ló máa ń kọ́kọ́ júbà fún kó tó fẹnu ba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Èmi náà júbà o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ foríjì mí, nítorí ọ̀dọ̀ yín gan-an ni mo ń bọ̀.

Ta ní ń di ẹrù èrò Páárì ní Kútọnu? Kì í ṣe ẹni tó ń lọ. Ẹni tó ń lọ ní ṣòkòtò mẹ́ta àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ìyá rẹ̀ ló jí lọ sí ọjà Tokpa, tó ra gààrí Savalou, ẹja yíyan, irú àti ata gbígbẹ, tó tún wá rántí pé àbúrò bàbá ọmọ náà ní Lyon kò tíì fẹnu kan wàrà láti ọjọ́ tó ti lọ. Kílò 23 ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ń gbà fún báàgì kan. Wọ́n gbé ti Màmá sórí òṣùwọ̀n, ó di 31. Màmá ní òṣùwọ̀n yẹn ń purọ́.

Ni gbogbo ẹbí bá tò lọ sí pápákọ̀ òfurufú ní Cadjèhoun bí ẹni ń sin ìyàwó. Orúkọ Kádínà Bernardin Gantin ni wọ́n fi pe ibẹ̀, àmọ́ àdúrà kì í dín kílò kù. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń tú báàgì, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ń kí ayé. Gààrí bọ́ sínú báàgì ọwọ́. Ọmọ wọ kóòtù méjì léra nínú ooru Kútọnu, ata gbígbẹ lápò ọ̀tún, irú lápò òsì. Ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wá wọ bàálù lọ́dọ̀ wa, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àpò Ghana-Must-Go tí àwọn ará Ghana tí Nàìjíríà lé kó ẹrù sí gba ọ̀nà yìí lọ lọ́dún 1983, ẹ̀yin náà lẹ tún gbé e padà wá.

Ó wá ku ẹ̀rọ ayẹ̀wò. Lóṣù kẹjọ ọdún 2006, ọlọ́pàá mú àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fẹ́ fi bọ́ǹbù olómi inú ìgò ohun mímu ba bàálù jẹ́ lófurufú. Látìgbà náà ni wọ́n ti ní ohun olómi tó bá ju mìlílítà 100 lọ kò gbọ́dọ̀ bá èrò wọlé, kí àwọn ìgò kéékèèké sì wà nínú ọ̀rá kan tó mọ́ gaara. (Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fòfin de ọ̀rá lọ́dún 2017. Àṣé a ṣì máa nílò ẹyọ kan.) Àwọn pápákọ̀ kan lókè òkun ti ń dẹwọ́ nítorí ẹ̀rọ tuntun, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé kẹ́ẹ̀gì dání.

Ẹ wo ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀ ní Brussels.

"Màmá, kí lèyí?"

"Àgbo ọmọ ni, ọkọ mi."

"Omi ni, Màmá. Ó ti pọ̀ jù."

"Omi kọ́. Egbò ló pọ̀ nínú ẹ̀."

"Màmá..."

"Ìwọ alára, nígbà tí wọ́n bí ẹ, ṣé kókà ni wọ́n rọ sí ẹ lẹ́nu?"

Ọmọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò náà dákẹ́. Àgbo náà kò kúkú kọjá.

Ẹ̀yin bàbá ńkọ́? Bàbá bọ́ bẹ́líìtì, ẹ̀rọ ké. Ó bọ́ bàtà, ó kó kọ́ínì sílẹ̀, ẹ̀rọ ṣì ń ké. Ó ku ìgbàdí, ìyàwó kékeré sì wà lẹ́yìn lórí ìlà. Pawa-báǹkì tó yẹ kó wà lọ́wọ́, inú báàgì ńlá ni wọ́n sọ ọ́ sí. Ọtí sódàbì tó yẹ kó wà nínú báàgì ńlá, òun ni wọ́n gbé dání, tí wọ́n kọ "omi àdúrà" sí i lára.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ohun tí ẹ ń fi pamọ́. Ẹja yíyan, ẹ wé e ní ìró mẹ́ta, ẹ tì í sáàárín kọ́ọ̀sẹ́ẹ̀tì, ẹ ń làágùn níwájú aṣọ́bodè. Bẹ́ẹ̀, òfin Yúróòpù gba ẹja gbígbẹ tàbí yíyan tó kílò 20 lọ́wọ́ èrò tó fẹ́ lọ jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Wàrà tí ẹ tò sókè fún ẹ̀bùn ni wọn kì í gbà, àtòun àtẹran. Láti ìparí ọdún 2019, èso tútù tó lè wọlé láìní ìwé ẹ̀rí kò ju márùn-ún lọ: ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn, dàbínù, durian àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó! Èyí tó kún Allada, tó dùn ju ṣúgà lọ.

Mo sọ fún ìyá kan ládùúgbò wa pé kó kó mẹ́fà dání, kó fi wàrà sílẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Kí n gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ sílé òyìnbó? Ṣé orí ẹ pé?"

Ó ní kí n bá òun di etí ìró tí òun fi wé wàrà mú.