Gbogbo Èrò Ló Di Atukọ̀

Bí ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì bá ti ń sún mọ́ iyanrìn Tarkwa Bay l'Ékòó, gbogbo èrò á di ọ̀gá atukọ̀. Ẹni tó ti ń dijú gbàdúrà látàárọ̀ á lanu: “Tẹ iná sí i!” Iná kẹ̀? Ṣe ló yẹ kí atukọ̀ dín in kù. Kí imú ọkọ̀ kọjú sí etíkun tààrà. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ gba ìgbì, omi á wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Níbi tí omi ò bá ti jìn mọ́, kí atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kó gbé e sókè, torí iyanrìn kì í ṣe oúnjẹ irin tó ń yí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dìde torí fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó! Ẹni tó bá fẹ́ pàṣẹ, kó ra ọkọ̀ tiẹ̀.