A Ti Kí Aṣọ Tán

Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, ni àwọn baba wa wí, òwe náà kò sì tíì ṣá títí di òní. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣeé ṣe kí wọ́n jí dìde kí wọ́n wá dúró ní oríta Ìkọ̀tún, ní Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó, ní agogo méjì ọ̀sán nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí oòrùn ti gun orí páànù, tí ọ̀dà títì sì ń rú ooru sí ènìyàn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wọ súùtù onípele mẹ́ta, tí ó fi táì so ara rẹ̀ lọ́rùn bí àgbò Iléyá, tí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn há mọ́ra lórí ìjókòó dánfó kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí, mo gbà pé àwọn fúnra wọn ni yóò fi kún òwe náà. A ti kí aṣọ tán. A kí i dáadáa, kọ̀ndọ́ pàápàá pè é ní ọ̀gá. Ta ni yóò wá kí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ pé ẹ kú ooru, ẹ kú ìnira, ẹ kú ìrọ́jú?

Ooru Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ooru lásán. Òógùn tí Ẹlẹ́dàá fi sí wa lára, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gbà á kúrò lára wa ni ara ń tutù. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Èkó, tí òkun àti ọ̀sà ti rọ yó, kò ní àyè púpọ̀ tí yóò tún fi gba omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà òógùn wa a máa ṣàn ni, kì í tètè gbẹ. Kò sí ohun tí ó kù ju kí atẹ́gùn rí ọ̀nà gbà láàrin aṣọ àti ara lọ. Àwọn baba wa mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi òṣùwọ̀n kọ́ wọn: wọ́n rán kẹ̀ǹbẹ̀ tí ó gbòòrò nítan, wọ́n rán bùbá tí kò fún lọ́rùn, wọ́n rán agbádá tí a lè ká apá rẹ̀ sí èjìká nígbàkígbà tí oòrùn bá ń ṣe bí olówó-orí.

Ẹ tún wo ọkùnrin Skọ́tílándì. Ìlú rẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sán oṣù Keje ní Edinburgh kò fi móoru ju òwúrọ̀ ọ̀yẹ́ tiwa lọ. Síbẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́, kílìtì ni ó ń ró, aṣọ oníṣẹ́po tí ó tó ọ̀pá mẹ́jọ, a sì fi orúnkún sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Irun àgùntàn ni a fi hun ún, nítorí òtútù. Bí ó bá ṣí lọ sí ilẹ̀ tí ó móoru, a wá èyí tí ó fẹ́lẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkọ̀tún, mo mọ̀ pé àwọn alágbàdo sísun yóò pa agbàdo tì, wọn yóò ní ọkùnrin wọ síkẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé ẹlẹ́gùn Ṣàngó kò ró yẹ̀rì jó lójú wa rí. Òun náà ni ara rẹ̀ yóò sì tutù jù lọ ní gbogbo oríta náà.

Mary Slessor, obìnrin ajíhìnrere, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì kan náà, dé Kàlàbá ní 1876, kò sì pẹ́ tí ó fi bọ́ kọ́séètì àti àwọn yẹ̀rì abẹ́ aṣọ sọnù, tí ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó ń rìn láìwọ bàtà. Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin kan tí à ń pè ní David Brown Vincent ju orúkọ náà nù ní 1894, ó di Mojola Agbebi, ó pa aṣọ òyìnbó tì, aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó sì ń wọ̀ dé Ìlú Ọba. Òyìnbó bọ́ ọ, ọmọ Yorùbá bọ́ ọ. Àwa ni a padà lọ ṣa á nílẹ̀.

Kàtàngówà, ọjà òkìrìkà tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Abúlé-Ẹ̀gbá, ni a ti ṣa púpọ̀ nínú rẹ̀: kóòtù tí a fi aṣọ mìíràn tẹ́ nínú, tí a rán fún ẹni tí yìnyín ń bọ̀ lórí. Òfin ti ka aṣọ àlòkù mọ́ ẹrù tí kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí. Kóòtù tí òfin kò rí, oòrùn rí i.

Ṣé ẹ ti lọ sí ìgbéyàwó ní Ẹ̀gbẹ́dá ní ọjọ́ Sátidé? Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó tò lọ rẹrẹ nínú súùtù aláró, wọ́n ń dán, ìyá ọkọ ń yọ̀. Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ẹ̀rọ amúlétutù bá a kú. Kọ́là funfun kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà òógùn la ẹ̀yìn kóòtù já, ó ya àwòrán ilẹ̀ kan tí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn fa táì rẹ̀ wálẹ̀, alága ìdúró sì bá a wí lójú gbogbo ayé pé kí ó tún ara ṣe nítorí kámẹ́rà. Bàbá ìyàwó, tí ó jókòó sẹ́yìn, ká apá agbádá sí èjìká, ó na ẹsẹ̀, ó ń bá àmàlà rẹ̀ lọ. Kí alágbádá má sì yọ̀ jù, o: èyí tí a fi gínnì rán, tí a lù títí ó fi le gbagidi, ọmọ ìyá kóòtù ni, atẹ́gùn kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ títí, kò rí ẹni ṣí i.

Ẹnìkan yóò ní ilé iṣẹ́ ni ó sọ súùtù di dandan. Òótọ́ ni. Ọ̀gá tí ó ṣe òfin kóòtù ń ti inú yàrá tútù bọ́ sínú ọkọ̀ tútù, ó ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sínú ọ́fíìsì tútù. Ọmọ tí ó rán láti máa wá oníbàárà kiri Ìgàndò ni ó ń fi ẹsẹ̀ rin ojú oòrùn tí òfin náà kò mẹ́nu bà. Ẹ kàn ya ṣọ́ọ̀bù télọ̀ èyíkéyìí lójú ọ̀nà Ìdímù, kí ẹ bá ọkùnrin tí ó rán súùtù náà: síńgílẹ́ẹ̀tì ni ó wọ̀, fáànù kọjú sí i láyà, bí ẹ bá sì ní kí ó rán tirẹ̀ náà, yóò bi yín bóyá ara yín dá.