Oníyangí Tó Gun Katakata

"Epo ni mo rù, oníyangí má ba tèmi jẹ́." Lójú ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí, èèyàn méjì ló wà lójú ọ̀nà. Ọ̀kan ru ìkòkò epo, èkejì ru agbọ̀n yangí, kí kálukú ṣáà rọra gba ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lọ. (Yangí kan ṣoṣo tó ń fẹ́ epo ni ti Èṣù, ìyẹn náà kì í sì í kúrò lójú kan.) Àgbà yẹn kò ronú kàn án pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnìkan ṣoṣo yóò ru epo, tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ da yangí sí i, tí yóò sì fi igbe bọnu pé ayé ti ba tòun jẹ́.

Mo mọ ọ̀kan nínú irú wọn ní Ìbàràpá, ọ̀rẹ́ mi ni. Òwe náà gan-an ló kọ sí mọ́gáàdì katakata rẹ̀, Massey Ferguson 375 pupa fòò. Lọ́jọ́ tó gbé e dé, wòlíì da odidi ìgò òróró àdúrà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òróró tuntun tí katakata náà fojú rí kẹ́yìn nìyẹn.

Ìwé tó bá irú katakata yìí wá ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà ní wákàtí 250, kó tilẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí eruku bá pọ̀. Ta ló máa sọ pé eruku kò pọ̀ lọ́nà Lánlátẹ̀? Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ti dé, tí àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀gúsí láti Erúwà dé Ìgàngàn ń du ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ túlẹ̀ fún, katakata a máa ṣe wákàtí 10 lóòjọ́. Ọjọ́ 25, ọ́ìlì ti dàgbà. Ọ̀rẹ́ mi kò kà á báyìí. Bí ọdún Egúngún ló ń ka tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ọdún bá yabo. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo mítà wákàtí." Ó ní mítà ti kú, a kì í sì í pe òkú wá jẹ́rìí.

Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Dúdú rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í pẹ́ dúdú. Ìgbà tí mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ pa á pọ̀ ni àyà mi já: ó ń họ mí lọ́wọ́ bí èlùbọ́ tí wọn kò kù. Yangí ti wọlé.

Fílítà kò kúkú ju asẹ́ ògì lọ. Bí asẹ́ bá dí, ìyá ológì á fọ̀ ọ́. Bí fílítà bá dí, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan a máa ṣí, kí ẹ́ńjìnnì má baà gbẹ, ọ́ìlì á sì gba ibẹ̀ kọjá tòun tèérí. Ó yẹ kí èyí rọrùn láti yé èèyàn nítòsí Igbó-Ọrà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Ọ́ìlì ni Táyé, fílítà ni Kẹ́hìndé. Ìyá wo ló ń wẹ Táyé mọ́ tónítóní, tí á wá tẹ́ ẹ sórí ẹní kan náà pẹ̀lú Kẹ́hìndé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀? Ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀rẹ́ mi ra ọ́ìlì, ó kọ̀ láti ra fílítà. Ó ní èyí tó wà níbẹ̀ kò tíì fọ́.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò tó wákàtí kan. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kí èérí lè bá ọ́ìlì jáde. Á fi ìka tọ́ ọ́ìlì tuntun sí rọ́bà ẹnu fílítà, á fọwọ́ lásán yí i le, kò ní fi sípánà dá a lóró. Gálọ́ọ̀nù onílítà 4 méjì, ó parí.

Kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi nìkan ṣá o. Láti 1959 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àgbẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, èyí tí Erúwà náà ní tirẹ̀, a ti rí ìjọba tó ń to katakata sílẹ̀ tí wọ́n ń gé ríbọ́ọ̀nù. Ẹ bá mi wá gómìnà tó pe oníròyìn síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ fílítà. Ọ̀rẹ́ mi pàápàá ti fi ẹ̀rọ atọpinpin sí katakata rẹ̀. Fóònù ń sọ fún un pé ó wà lọ́nà Ayétẹ̀. Kò lè sọ fún un pé ikùn rẹ̀ ti gbẹ.

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì, ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ dárúkọ àbúrò bàbá rẹ̀, ó dárúkọ ìyàwó àbúrò, ó kan dírẹ́bà. Káfíńtà àdúgbò, tó ti gbọ́, gbé kẹ́ẹ̀gì onílítà 10 wá láti ra ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tí yóò fi kun pákó nítorí ikán. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì. Ohun tó kán sílẹ̀ kò kún agolo mílíìkì.

Ọ̀rẹ́ mi bojú wo agolo náà títí, ó wá gbójú sókè.

"Ta ló jí ọ́ìlì mi?"