Ẹnu Mi Ló Kó Bá Mi

Fún ìgbà pípẹ́, mo gbà pé àwọn ará ilé bàbá mi ló ń ṣe mí. Bí aago mọ́kànlá àárọ̀ bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì níbi iṣẹ́, òógùn á bo iwájú orí mi, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, inú á sì máa bí mi sí ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n bá òun wo fáìlì. Obìnrin kan wà tó jókòó ní ọ̀kánkán mi, ọmọlúàbí èèyàn, tó máa ń kí mi ní déédéé àsìkò yẹn pé, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní àbí òun ni wọ́n ń rán sí mi, kí ló dé tó jẹ́ pé bó bá ti kí mi tán ni ara mi ń gbọ̀n? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un nìyẹn. Mo gbé tábìlì mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnì kankan. Mo tún gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ náà ṣiṣẹ́ gan-an ni, torí pé lọ́jọ́ tí mo bá gbà á, ara mi kì í gbọ̀n rárá. Ìyẹn ló wá jẹ́ kó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ohun tí n kò rò mọ́ ọn ni pé lọ́jọ́ ààwẹ̀, n kì í mu tíì. Tíì mi kì í ṣe ti ọmọdé: kọ́ọ̀pù ńlá kan, mílíìkì inú agolo, hóró ṣúgà mẹ́fà, àwọn onígun tí wọ́n ń tà nínú páálí, pẹ̀lú búrẹ́dì funfun tí mo máa ń rì bọ̀ ọ́ títí ìdí kọ́ọ̀pù á fi ki. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀sán.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún wa níbi iṣẹ́ ló bi mí ní ìbéèrè tí àwọn tó ń gbàdúrà fún mi kò bi mí. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?" Mo ní tíì àti búrẹ́dì. Ó ní, "Hóró ṣúgà mélòó?" Mo ní méjì. Ó kàn ń wò mí. Mo ní mẹ́fà. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ kejì láì tíì fẹnu kan nǹkan kan. Ó gún mi lábẹ́rẹ́ lórí ìka, ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ sì kọ 108.

Ẹni tó jí tí kò tíì jẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yẹ kó tó 100 lórí ẹ̀rọ yẹn. Bó bá wà láàárín 100 sí 125, kì í ṣe àtọ̀gbẹ síbẹ̀, àmọ́ onítọ̀hún ti dúró sí ìloro rẹ̀. Bó bá di 126 sókè, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn. Ní ti gbígbọ̀n, nọ́ọ̀sì ní kò ní àjẹ́ nínú. Bí ṣúgà tó pọ̀ bá bọ́ sínú ikùn òfìfo, kíá ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ara á tú ínsúlínì jáde láti kó o kúrò níbẹ̀. Nínú ara àwọn kan, ínsúlínì ọ̀hún á kó o kọjá bó ṣe yẹ, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ara á sì figbe ta: ọwọ́ á gbọ̀n, òógùn á yọ, ebi á dé, ìbínú á tẹ̀ lé e. Láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn oúnjẹ ni, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aago mẹ́jọ ni mo ń mu tíì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Mo lọ gbé tábìlì mi padà sí àyè rẹ̀, mo ní omi ló ń jò níbi tí mo gbé e lọ.

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Èmi wo ni yóò ṣe nǹkan díẹ̀díẹ̀? Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe ìpàdé ìdílé, tí mo kéde pé ṣúgà ti di èèwọ̀ nínú ilé mi. Mo kó páálí ṣúgà fún ìyá ẹlẹ́kọ òde wa, mo fi tíì fúnra rẹ̀ lé e, mo ní n kò ṣe mọ́. Ìyàwó mi kò jà. Ó kàn ní, "Bàbá Bólú, ó dá yín lójú?" Mo ní ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́.

Ọjọ́ kejì, orí ń fọ́ mi, n kò lè gbé e sókè. Mo rò pé ṣúgà nìkan ló ń bínú. Ìgbẹ̀yìn ni mo wá gbọ́ pé káfíìnì inú tíì tí mo já sílẹ̀ lójijì náà wà nínú ẹjọ́. Mo bá ọlọ́kadà jà. Mo bá ọmọ mi jà pé ó ń mí sókè jù. Lóru ọjọ́ kan, mo dìde bí ẹni tó fẹ́ mu omi, mo wọ ilé ìdáná, n kò tan iná. Agolo Milo àwọn ọmọ wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fi ṣíbí ọbẹ̀ bu ú ní gbígbẹ, mo jù ú sẹ́nu. Ẹni tó bá ti jẹ Milo gbígbẹ rí mọ̀ pé èèyàn kì í mí símú bó bá wà lẹ́nu. Mo mí. Ó gba ọ̀nà ibi tí kò yẹ kó gbà, ikọ́ gbé mi, ó ń tú jáde nímú mi, agolo bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ń yí lọ lórí ilẹ̀ gbala-gbala. Ìyàwó mi tan iná. Ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀, ṣíbí lọ́wọ́, àyà síńgílẹ́ẹ̀tì funfun mi ti pọ́n. Ó ní, "Ẹ̀jẹ́ ńkọ́?" N kò lè dá a lóhùn. Mo ṣì ń wúkọ́.

Ìtìjú yẹn ló lé mi lọ sọ́dọ̀ oyin. Mo ní oyin kì í ṣe ṣúgà, Ọlọ́run ló dá a, kò gba ilé iṣẹ́ kankan kọjá. Mo ń da oyin sí ògì, mo ń da oyin sí sóbò, mo ń jẹ dàbínù lẹ́kùnwọ́ lẹ́kùnwọ́. Mo ń mu mọ́ọ̀tì torí wọ́n ní ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Bí wọ́n bá gbé júùsì inú páálí wá, mo ń mu ún, torí èso ni wọ́n yà sí i lára. Lójú ara mi, mo ti jáwọ́ nínú ṣúgà pátápátá. Aago mọ́kànlá nìkan ni kò gbọ́.

Àṣé Àjọ Ìlera Àgbáyé kò ya oyin sọ́tọ̀. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2015, oyin, omi èso àti ṣúgà funfun, ojú kan náà ni wọ́n fi wò wọ́n. Wọ́n ní kí gbogbo wọn má kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa, bó bá sì lè wálẹ̀ sí ìdá márùn-ún, ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún àgbàlagbà, ìyẹn kò ju nǹkan bíi gíráàmù 25, ṣíbí ìmutíì mẹ́fà. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 35cl kan ṣoṣo lè ti kọjá iye yẹn kí èèyàn tó gbé ìgò sílẹ̀, mọ́ọ̀tì kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Ní 2022 ni ìjọba wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi oyè dá àwọn tó ń san án lọ́lá ni, wọn ì bá ti wé láwàní fún mi.

Ibi tí mo ti wá ya wèrè gan-an ni ọ̀rọ̀ agbáyun. Ẹni tó bá gbé abà kòkó rí á mọ̀ ọ́n: èso pupa kékeré, hóró ló gba inú rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí èèyàn bá ti lá a, ohun kíkan tó bá jẹ lẹ́yìn rẹ̀ á di aládùn. Ará Faransé kan, Chevalier des Marchais, tó dé etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1725, rí àwọn tó ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jẹun. Èròjà inú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní miraculin ló ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, tí ahọ́n á fi máa pe kíkan ní dídùn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ó tán, oògùn mi rèé.

Mo ra agbáyun, mo lá a, mo mu ògì tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó dùn! Mo mu gaàrí Ìjẹ̀bú, ó dùn. Mo dán an wò pẹ̀lú tíì, tíì kò dá mi lóhùn; kò kan, agbáyun kò rí nǹkan bá a ṣe. Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, ǹ bá máa yangàn títí dòní. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ kún jọ́ọ̀gì, mo lá agbáyun, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń mu ún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo pe aládùúgbò wa pé kó wá wo ọkùnrin. Mo mu jọ́ọ̀gì tán. Ahọ́n ni agbáyun tàn jẹ, kò tan ikùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, awọ ẹnu mi ti bó, eyín ń kan mí, àyà ń jó mi títí dé ọ̀fun. Ìyàwó mi kò mọ̀ sí i; ọbẹ̀ tó sè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ata rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo fi òkèlè àkọ́kọ́ kan ahọ́n, mo dìde láìdágbére, mo lọ ki orí bọ inú firíìjì.

Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mi. Kò yọ nǹkan kan kúrò, ṣe ló fi kún un. Ó ní kí n padà sídìí tíì mi, kí n mú ṣúgà mi sí i, àmọ́ ẹyin sísè tàbí mọ́ínmọ́ín gbọ́dọ̀ ti wọlé kí tíì tó wọlé. Bí ẹyin tàbí ẹ̀wà bá ti wà nílẹ̀, oúnjẹ kì í tètè kúrò nínú ikùn, ṣúgà kò sì ní lè sáré wọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí aago mọ́kànlá fi ń dé tó ń kọjá láìjẹ́ pé mo mọ̀. Obìnrin ọ̀kánkán mi kí mi lọ́jọ́ kan, mo dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni mo ń dá lóhùn.

Ó ku ṣúgà inú tíì. Mo múra sílẹ̀ fún ìyà. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ó yá, kó yọ hóró kan, kí n wo bí n óò ṣe fara dà á. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àṣé ó ti ń yọ ọ́ tipẹ́. Ọ̀bẹ ló fi ń gé hóró sí méjì. Á dín ìdajì, á dúró títí tí n kò fi ní fura, á tún dín ìdajì. Méjì àbọ̀ ni mo ń mu lọ́jọ́ tí mo ń ṣe bí akọni kiri yẹn. Inú bí mi pé wọ́n rẹ́ mi jẹ nínú ilé tí mo ń san owó rẹ̀. Mo ní láti òní lọ, èmi fúnra mi ni n óò máa po tíì mi. Mo da mẹ́fà sí i. N kò lè mu ún dé ìdajì, ó ń kọ mí lọ́fun. Ahọ́n tí adùn bá ń dín kù fún, tó fi tó oṣù mélòó kan, kì í fẹ́ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti ìgbà yẹn, gaàrí mi, ẹ̀pà ló ń bá a rìn. Lóde ìnáwó, omi ni mo kọ́kọ́ ń béèrè.

Àṣejù kan ṣì kù lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ pé bí èèyàn bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran, tó fi òkèlè kẹ́yìn, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kì í fò sókè tó ti ẹni tó fi òkèlè ṣáájú. Òótọ́ ni. Ohun tí n kò rò ni ibi tí mo ti fẹ́ ṣe é. Ìsẹ́yìn ni, nílé àwọn àna mi. Màmá gbé àmàlà ka iwájú mi, ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, ẹran lọ́tọ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé ló mọ ìgbà tí ọwọ́ ń kan ẹran. Mo fà á mọ́ra, mo jẹ ẹ́ tán, mo jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e, n kò tíì fọwọ́ kan àmàlà. Àwọn àbúrò ìyàwó mi dákẹ́ ọ̀rọ̀. Màmá dìde, wọ́n bu ẹran sí i. Mo rò pé àrífín ni bí mo bá kọ̀ ọ́, mo jẹ ẹ́. Wọ́n tún bu òmíràn. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn wọn láti ilé ìdáná, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ fún ìyàwó mi: "Ṣé o kì í fún un lẹ́ran ni?" Ìyàwó mi ní ara ni mo ń tọ́jú. Màmá ní, "Ara wo? Ebi ẹran ló ń pa ọkọ ọmọ mi." Títí dòní, bí a bá ń lọ, wọ́n máa ń di ẹran gbígbẹ fún mi lọ́tọ̀, wọ́n á ní kí n tọ́jú rẹ̀ sí yàrá mi.

Nílé, mo ṣì ń fi ẹ̀fọ́ ṣáájú. Mo tún máa ń rìn yí àdúgbò po lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọdẹ òpópónà wa kò sì bi mí léèrè ibi tí mo ń lọ mọ́. Nọ́ọ̀sì tún gún mi níka, ẹ̀rọ kọ 94. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ dédé ṣe bí mo ṣe ṣe yìí o, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó dín oúnjẹ kù, torí oògùn náà lè já ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà.

Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí ẹ máa ń yà sílé wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé mọ́ọ̀tì wá mọ́. Ẹyin là ń jẹ báyìí, kíréètì la sì ń gbà.