Jáàsì Orí Àwo, ní Peckham àti ní Abúlé Òkúta

Ohun mẹ́rin ni gbígbọ́ jáàsì lórí àwo ń béèrè: àwo fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ tọ́ntébù tí yóò máa yí i, iná tí yóò gbé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, àti ibi tó dákẹ́ tí etí yóò ti lè gbọ́ ohun tí saksofóònù ń wí. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ní iná tọ̀sántòru. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ náà pọ̀ débi pé ó fẹ́ẹ̀ máa di àìsàn sí i lára. Ẹni tó ń gbé Abúlé Òkúta, ní agbègbè Bàrígà àti Ṣómólú ní Èkó, ní àwo, ó ní ẹ̀rọ, ó sì ní aládùúgbò. Iná àti ìdákẹ́jẹ́ ni òun ń wá kiri. Ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì rà, ṣùgbọ́n ibi tí owó wọn ń bá lọ kò dọ́gba.

Jáàsì kì í ṣe àlejò ní Èkó. Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó gbé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà wálé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Cassandra dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀, ẹgbẹ́ orin tó ń lu jáàsì àti háíláìfù sì tẹ̀ lé e. Ilé ijó alẹ́ rẹ̀, Caban Bamboo, wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú nígbà náà, títì kan náà tó gba ẹ̀gbẹ́ Ṣómólú kọjá. Ní 1958, Fẹlá Ransome-Kútì, tó di Aníkúlápó nígbà tó yá, lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dé ní 1963, ó sì ń fi ẹgbẹ́ Koola Lobitos da jáàsì pọ̀ mọ́ háíláìfù fún àwọn ará Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jókòó ní tiwọn, tí wọ́n ń dúró de orin tó ṣeé jó.

Ní Amẹ́ríkà, Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídó nítòsí Àgbádárìgì, gbé àwo Drums of Passion jáde ní 1960. John Coltrane fi orúkọ rẹ̀ sọ orin kan, “Tunji”, ní 1962. Ilé àṣà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem náà ni Coltrane ti ṣeré ní 23 April 1967, tí oṣù mẹ́ta kò sì pé lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú. Nínú àwo The African Beat tí Art Blakey gbà sílẹ̀ ní 1962, Solomon Ilori, ọmọ Yorùbá, ló fi àdúrà ṣí i. Ará òkèèrè tó bá fẹ́ ẹ̀dà àkọ́kọ́ àwo yìí lónìí yóò san owó gọbọi láti gbọ́ àdúrà náà. Ìyá rẹ̀ ní Abúlé Òkúta ń gbàdúrà fún un lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọmọ sì ń wá bí òun ṣe máa tètè ṣe àmín.

Àwo gígùn tó fẹ̀ tó íǹṣì 12 yìí, Columbia ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1948. Ó ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Orin jùjú ni àwọn àgbà Abúlé Òkúta fi mọ̀ ọ́n, nítorí Ebenezer Obey àti Sunny Adé máa ń lu orin láìdúró títí ojú àwo kan yóò fi kún. Kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yí àwo padà. Ohun tó rú wọn lójú nínú jáàsì ni pé àwọn olórin á fi 20 ìṣẹ́jú làágùn, wọn ò dárúkọ ẹnì kan, wọn ò ki olówó kankan, kò sì hàn pé ẹnikẹ́ni ná wọn lówó.

Ọ̀rọ̀ iná ló ń ya ará Lọ́ńdọ̀nù sọ́tọ̀ lára ará Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ wálé. Iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fóòltì 230, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Nàìjíríà, kódà pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà ni wọ́n ń lò. Ẹni tó gbé tọ́ntébù ti Peckham bọ̀ kàn máa kì í bọ ògiri ni. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ fóòltì 120, ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 60. Ará Houston mọ ọ̀rọ̀ fóòltì, ó ti ra tíránsífọ́mà tó ń sọ 230 di 120, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n tíránsífọ́mà kò lè sọ 50 di 60, ọ̀pọ̀ tọ́ntébù àtijọ́ ló sì jẹ́ pé iye ìgbà yìí ni mọ́tò wọn fi ń mọ eré tí yóò sá. Èyí tó yẹ kó yí ní 33 á máa yí ní nǹkan bí 28. Orin ìṣẹ́jú 5 á di ìṣẹ́jú 6, ohùn á jìn wálẹ̀, Coltrane á sì máa fọn saksofóònù bí ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì 45, ẹ̀rọ á bọ́ sí 37 àtààbọ̀. Ibà á lọ lóòótọ́, ìkánjú á sì gba ipò rẹ̀. Tọ́ntébù bíi Technics SL-1200, tó jáde ní 1972, kò sí nínú ọ̀ràn yìí, nítorí ẹ̀rọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ eré tó ń sá.

Nígbà tí iná ìjọba bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí ará Èkó sọ ní “I better pass my neighbour”, kì í mú ìgbà 50 náà dúró lójú kan. Bí ẹnì kan bá tan fáànù sí i, ẹ́ńjìnnì á fà, dùrù Bill Evans á sì rọ̀ wálẹ̀. Bí wọ́n bá pa fáànù, dùrù á tún gbéra. Ọ̀rọ̀ wáyà ilẹ̀, tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, tún wà níbẹ̀. Iná tí abẹ́rẹ́ ń mú jáde láti ojú àwo kéré jọjọ, nǹkan bí ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún fóòltì kan, áńpílífáyà ló sì ń sọ ọ́ di ńlá. Ohunkóhun tó bá yọ́ wọ ojú ọ̀nà náà á di ńlá pẹ̀lú. Ilé tí wọn kò ri ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa á fi kíkùn “ùùùn” gígùn kún orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tí kò mọ̀ á yin ẹni tó ń ta béèsì.

Owó iná kọ́ ló ń pa olólùfẹ́ orin. Nígbà tí wọ́n sọ iná Band A, ìsọ̀rí àwọn tó ń rí iná jù, di ₦225 fún yúnìtì kan ní April 2024, ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì 100 ṣì ní láti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10 kó tó jẹ yúnìtì kan tán. Àìsí iná ló wọ́n: ínfátà, bátìrì, páńẹ́ẹ̀lì oòrùn, àti epo bẹntiróòlù tí owó rẹ̀ fò sókè láti May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀.

Ní Peckham, ilé ni wàhálà. Pákó ni ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbẹ̀. Bí baálé ilé bá gbẹ́sẹ̀ lọ sí kíṣìnnì, abẹ́rẹ́ á fò lórí àwo. Ó di dandan kó gbé tọ́ntébù kọ́ ara ògiri, kó sì máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń san rẹ́ǹtì rẹ̀. Ògiri tó pààlà òun àti aládùúgbò kò nípọn. Òfin ariwo ti 1996 fún káńsù ní agbára lórí ariwo láti aago 11 alẹ́ sí aago 7 òwúrọ̀, aládùúgbò tí kò kí i rí láti ọjọ́ tó ti kó débẹ̀ sì mọ òfin náà dórí. Kò ní wá kanlẹ̀kùn. Lẹ́tà káńsù ni baálé ilé yóò rí. Ó ra kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ó ra kọ́tìnnì tó wúwo, ó ra fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, nígbẹ̀yìn gbẹ́yín ó lọ ra hẹ́dífóònù. Sípíkà ńlá méjì dúró ní pálọ̀, wọ́n gbé fọ́tò ìgbéyàwó lé ọ̀kan, wọ́n gbé òdòdó lé èkejì. Ó jókòó sáàárín wọn, ó bo etí, ó ń mi orí. Ìyàwó rẹ̀ tó ń kọjá lọ kò mọ̀ bóyá orin ló ń gbọ́ tàbí ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ní Abúlé Òkúta, ẹni tó máa fi ẹjọ́ sùn nítorí jáàsì ṣọ̀wọ́n. LASEPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, fi gbèdéke lé ariwo ní àdúgbò ilé gbígbé: désíbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, 45 lóru. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú ń lù, jẹnẹrétọ̀ ń bú, ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe ìṣọ́ òru, àwọn ọ̀dọ́ sì ti gbé orin Ọlámidé, ọmọ Bàrígà, sókè dé góńgó. Béèsì Paul Chambers kò tó ẹni tí wọ́n ń bá wíjọ́ láàárín irú àwọn wọ̀nyẹn. Nítorí ooru, fèrèsé kì í tì, orin tó bá bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀ ti di ti gbogbo àgbàlá. Bọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù tó wálé fún ọdún Kérésì á fi aṣọ nu Kind of Blue ti Miles Davis, á rọra sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, á fẹ̀yìn tì, á dijú. Orí kan á yọ lójú fèrèsé.

“Ẹ kú orin o, Bọ̀dá.”

“Ẹ ṣé, Mà.”

“Ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ gan-an?”

“Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Mà.”

“Háà! Mo rò pé wọ́n ṣì ń tún irinṣẹ́ wọn ṣe ni.”

Wọ́n á gbé àga fún un. Ọmọ méjì á tẹ̀ lé e, oníbúrẹ́dì á sọ igbá kalẹ̀, Bàbá Lánlọ́ọ̀dù á bá wọn níbẹ̀. Kí ojú kìíní tó parí, ẹnì kan ti ń fi ẹsẹ̀ bá ìlù Jimmy Cobb lọ, ẹlòmíràn ti sọ pé fèrè Miles ń sunkún ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, Bàbá Lánlọ́ọ̀dù sì ti rántí Zeal Onyia, tó ń fọn fèrè ní Èkó nígbà tí Louis Armstrong wá sí Nàìjíríà ní 1960. Láàárín èyí ni iná á lọ. Àwo á máa falẹ̀, Miles á máa rì, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dúró. Kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tí iná bá padà dé, tí àwọn ọmọ bá pariwo “Ọ́ọ̀pù NEPA!”, abẹ́rẹ́ ṣì wà níbi tó wà, fèrè á kọ́kọ́ kérora, á wá gba ohùn rẹ̀ padà, gbogbo ilé á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Irú ìjókòó báyìí sún mọ́ jáàsì ju hẹ́dífóònù lọ, nítorí láàárín èrò, ijó àti ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ti bí orin náà ní New Orleans.

Gbígbé àwo láti ìlú kan sí èkejì ní ìṣirò tirẹ̀. Àwo kan pẹ̀lú páálí rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kílò, nítorí náà báàgì kílò 23 kò lè gbà ju nǹkan bí 90 lọ. Ẹni tó bá fi odindi báàgì kó àwo jáàsì ilé-iṣẹ́ Blue Note wálé gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tó máa sọ fún àbúrò tó ti fi ìwọ̀n bàtà ránṣẹ́. Ẹni tó bá kó o sínú kọ́ńténà gbọ́dọ̀ bẹ̀rù oòrùn èbúté Àpápá, torí ike tí wọ́n fi ń ṣe àwo máa ń rọ̀ bí inú kọ́ńténà bá gbóná jù, àwo tó bá sì wọ́ kì í fẹ́ tọ́ mọ́.

Ìtọ́jú náà yàtọ̀. Ní Peckham, ẹ̀rọ amúlégbóná ń mú kí afẹ́fẹ́ gbẹ, àwo á sì máa fa eruku mọ́ra. Burọ́ọ̀ṣì pàtàkì wà fún un, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ àwo náà wà, tí òmíràn nínú wọn wọ́n ju ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ. Ní Abúlé Òkúta, eruku ń bá ọyẹ́ wọlé, ebu sì ń bo páálí nígbà òjò. Omi tí kò ní iyọ̀, tí wọ́n ń tà fún bátìrì mọ́tò, ń ṣe iṣẹ́ fífọ náà dáadáa. Kí ẹni tó bá lọ rà á ṣáà rí i dájú pé omi ni wọ́n bù fún òun, kì í ṣe ásíìdì.

Ọjà àwo ti yí padà sẹ́yìn ara rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Soundway àti Strut ní Lọ́ńdọ̀nù ń tún orin Nàìjíríà ti àwọn ọdún 1970 tẹ̀ jáde, àwọn olùkójọ òyìnbó sì ń wá ojúlówó ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó lójú méjèèjì. Bọ̀dá ń fi pọ́n-ùn ra èyí tí irú rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àǹtí rẹ̀. Ẹni tó wà ní Èkó tó fẹ́ ra jáàsì lè dé Jazzhole, ilé ìtajà ìwé àti orin lójú ọ̀nà Awólọ́wọ̀ ní Ìkòyí; owó ọkọ̀ láti Bàrígà lọ síbẹ̀ ni kó fi kún iye àwo.

Ó ku ọ̀rọ̀ ohun tí ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ rà. Linn, ilé-iṣẹ́ Scotland tó ń ṣe tọ́ntébù Sondek LP12 láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ pé orísun ni kí wọ́n kọ́kọ́ náwó lé: tọ́ntébù ṣíwájú, áńpílífáyà tẹ̀ lé e, sípíkà kẹ́yìn, torí ohun tí abẹ́rẹ́ kò bá kó, sípíkà kò lè sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ náà tọ̀nà ní Abúlé Òkúta pẹ̀lú, àfi pé bátìrì ni orísun níbẹ̀. Bátìrì àti ínfátà tó dára ló ṣíwájú, ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dáadáa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà tọ́ntébù tó ń ṣọ́ eré ara rẹ̀, áńpílífáyà, àti sípíkà. Bí owó bá ṣì kù, kí wọ́n fi ra àga rọ́bà mẹ́fà.