Orúkọ Ń Ro Iná

Àwọn tó kọ́kọ́ pe agbára tí ń tan gílóòbù ní iná mọ̀nàmọ́ná kò fura pé àsọtẹ́lẹ̀ ni àwọn ń sọ, nítorí pé mọ̀nàmọ́ná tí gbogbo ayé mọ̀ kì í dúró kí ẹnikẹ́ni, yóò kọ mànà, yóò sì ti wọlé padà kí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ba. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, èyí sì ti ro ọmọ rẹ̀ débi pé ìwádìí tó bá jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà, bí kò ṣe lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó mọ̀ nípa àbíkú, ìyẹn ọmọ tí ń wá sáyé kìkì kí ó lè tún padà lọ.

Ohun tí òbí máa ń ṣe fún àbíkú ni kí ó fún un ní orúkọ tí yóò dí i lọ́nà ọ̀run, ìjọba kò sì ṣe ohun mìíràn. ECN, iléeṣẹ́ iná ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1950, di NEPA ní ọdún 1972, NEPA di PHCN ní ọdún 2005, wọ́n sì pín PHCN náà sí wẹ́wẹ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Nínú gbogbo ìkómọjáde yìí, kò sẹ́ni tó dábàá Málọmọ́ tàbí Dúrójayé, tó jẹ́ orúkọ tí àwọn baba ti dán wò. Àwọn ọmọdé àdúgbò kò tilẹ̀ ka èyíkéyìí nínú orúkọ tuntun náà sí: bí iná bá dé, “Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!” ni wọ́n ṣì ń ké, bí ó bá sì lọ, àgbà yóò ní “wọ́n ti mú iná lọ,” láìsí ẹni tó lè sọ ẹni tí “wọ́n” náà jẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni Yorùbá fi ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun náà ni wọ́n fi ń pe àgbà tí ọ̀wọ̀ tọ́ sí, òun náà sì ni wọ́n fi ń pe àwọn aláìmọ̀ tí kò sẹ́ni tó lè pè lẹ́jọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan aráàlú fúnra wọn ni ìkẹ́. Òbí àbíkú kì í bá ọmọ wí, ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ yóò bínú lọ, nítorí náà gbogbo ohun tó bá wà nílé ni yóò gbé síwájú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá fi wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ṣe máa ń dìde kí iná káàbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀rọ ìfami yóò máa fami, firísà yóò máa kùn, fóònù mẹ́fà yóò so rọ̀ lára ògiri, aṣọ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ni wọn yóò sì máa lọ̀, kí “wọ́n” tó mú un lọ. Mẹ́gáwáàtì kan, tó jẹ́ òṣùwọ̀n tí àwọn mínísítà fi ń ṣèlérí, ni agbára tí yóò gbé nǹkan bí 1,000 áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà; 5,000 mẹ́gáwáàtì, èyí tí orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ máa ń ṣàjọyọ̀ bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, wá jẹ́ áyọ́ọ̀nù kan fún èèyàn 40, láìtíì fi fáànù kan kún un. Ilé tí kò ní mítà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ka iye iná tí ilé jẹ, tún ní ọgbọ́n tirẹ̀: nígbà tó jẹ́ pé ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó rẹ̀, ẹni tó pa gílóòbù àti ẹni tó tàn án sílẹ̀ yóò san iye kan náà, ìdí nìyí tí gílóòbù ìta fi ń bá oòrùn du ipò lọ́sàn-án gangan.

Bí àbíkú bá lọ, ọmọ àgbàtọ́ ni wọ́n ń fojú wò. Jẹnẹrétọ̀ ni ọmọ náà, ariwo rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, oúnjẹ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹni tí ń bọ́ ọ. Lójú gbogbo èyí, ère Ṣàngó tí oníṣẹ́ ọnà Ben Enwonwu ṣe ní ọdún 1964 dúró níwájú olú-iléeṣẹ́ iná ní Marina, l'Ékòó, ère òrìṣà tó ni mọ̀nàmọ́ná, tí kò bèèrè gáàsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí kò sì já àwọn oníbàárà rẹ̀ kulẹ̀ rí nígbà òjò.

Oòrùn nìkan ni ọmọ tí kì í kú, Aso Rock pàápàá sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bílíọ̀nù 10 náírà ló wà nínú ètò ìṣúná ọdún 2025 fún iná agbára oòrùn nílé ààrẹ, èyí tó fi hàn pé “wọ́n” fúnra wọn kò gbára lé “wọ́n.” Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí àwọn onímọ̀ jókòó tì ni ìwà tí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ń kọ́ ènìyàn. Ilé tó bá ra bátìrì àti ínfátà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń sọ agbára inú bátìrì di irú èyí tí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n lè lò, yóò di ilé onírònú lójijì: bàbá tó ti ń tan gílóòbù mọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ yóò máa rìn láti yàrá dé yàrá láti pa á, ìyá yóò máa yọjú wo iye tó kù nínú bátìrì bí ẹni ń wo ọbẹ̀ lórí iná, wọn yóò sì fi áyọ́ọ̀nù pamọ́ fún àwọn ọmọ bí ẹni fi oògùn pamọ́, nítorí pé wọ́n ti fojú ara wọn rí ibi tí agbára náà parí sí. Gbogbo ìpolongo pé kí aráàlú má fi iná ṣòfò kò rí èyí ṣe; iná pupa kékeré kan lára ínfátà ló ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ bí “Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!” bá ta lójú títì, bàbá kan náà yìí ni yóò kọ́kọ́ bèèrè ibi tí wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù sí.