Abíkú Ọlọ́dún Méjì: Oríkì IELTS láti Ẹnu Ọ̀wá

IELTS, ọba ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, mo wárí. Ẹnu Ọ̀wá ni mo dúró sí tí mo fi ń kì ọ́, ní ojú ibi tí wọ́n ti ń fi ọba Èkó joyè, nítorí kò yẹ kí a máa ki agbowó ńlá bí ìwọ ní kọ̀rọ̀. Ìgá Ìdúngànràn kò jìnnà sí mi, ariwo Ìdúmọ̀tà ń dé etí mi. Adé kọ́ ni mo gbé wá o. Ọba kan ló wà ní Ìgá, mi ò sì wá ìjà. Ẹnu lásán ni mo gbé wá, ẹnu náà lo sì fẹ́ràn, bó bá ṣáà ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Àrẹ̀mọ ELTS!
ELTS jókòó lọ́dún 1980, ìwọ gorí oyè rẹ̀ lọ́dún 1989.
Ọmọ ojúlé mẹ́ta tí ń jẹ owó ilé kan:
British Council ń jẹ, Cambridge ń jẹ, IDP ará Australia ń jẹ,
ìjà ò dé.

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ bá mi yìn ín níbẹ̀. Ní àdúgbò wa, bí ojúlé mẹ́ta bá jọ jogún ilé kan, lọ́yà ni yóò máa jẹ owó ilé náà títí àwọn ọmọ-ọmọ yóò fi hu irùngbọ̀n. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń pín tiwọn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Abíkú ọlọ́dún méjì!
A bí ọ tán, o rẹ́rìn-ín, o pé ọdún méjì, o kú.
Abíkú ilé wa, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ ẹ́ kó dúró;
ìwọ, owó là ń san kó o tún wá.

Ẹni tó gba 8 ní 2023, ní 2025 wọ́n ní kó tún wá jókòó, bóyá Gẹ̀ẹ́sì ti jò dànù lórí rẹ̀. Àwọn tó gba WAEC láyé Gowon, ìwé-ẹ̀rí wọn ṣì wà nínú àpótí, aáyán ti jẹ etí rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé ó ti kú. Kí n sọ eléyìí kí n má bàa gbàgbé: ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gba C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC, tí wọn kì í bèèrè rẹ rárá. Ẹni tó fẹ́ lọ kàwé, kó kọ́kọ́ bi ilé-ìwé tó ń lọ léèrè kó tó yọ owó lápò. Má bínú, olówó mi. Ẹnu oníkì kì í ní ìlẹ̀kùn.

Ọba tó fi ìdajì ṣe idà!
A-fi-àmì-kékeré-dá-àgbà-dúró!

Band rẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó dé mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n inú ìdajì lagbára rẹ wà. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NMC, àjọ àwọn nọ́ọ̀sì ní Britain, 7 ni wọ́n ń bèèrè nínú Listening, Reading àti Speaking. Writing nìkan ni wọ́n fàyè 6.5 gbà fún, láti òpin ọdún 2018. Ti dókítà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: 7.5 lápapọ̀, ìkankan ò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 7. Àgbà nọ́ọ̀sì tó ti gbẹ̀bí ìyá, tó tún gbẹ̀bí ọmọ tí ìyá náà bí, lè gba 8 níhìn-ín, 8 lọ́hùn-ún, kí Writing rẹ̀ wá jẹ́ 6. Ìdajì band ló kù. Ojú ò rí i, ọwọ́ ò gbá a mú, òun náà ló sì dúró sẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú tó na ọwọ́ síta.

A-wí-lẹ́ẹ̀kan-má-tún-un-wí!
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ogójì ìbéèrè, ohùn tí kì í padà sẹ́yìn.

Listening rẹ ni mò ń kì báyìí. Ní Ẹnu Ọ̀wá, kí èèyàn tó gbọ́ ohùn ará Australia tó ń júwe ọ̀nà ilé-ìkàwé fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin á ti sọ tiwọn, mọ́sálásí á ti pe ìrun, ẹni tó ń ta ọjà á ti fi gbohùngbohùn bú ẹni tí kò rà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òru làwọn ọmọ rẹ ń ji, tí wọ́n á ki earpiece bọ etí, tí wọ́n á máa mi orí nínú òkùnkùn. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán tó kọ lẹ́tà rẹ̀ lódì, òdo. Ẹni tí wọ́n ní kó má kọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ tó kọ mẹ́ta, òdo, bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tilẹ̀ tọ̀nà. Ọ̀làwọ́!

Ṣùgbọ́n Speaking lobìnrin ilé tí mo fẹ́ràn jù nínú ààfin rẹ. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá péré ni, ibi tí olúwarẹ̀ ń gbé ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀: ilé rẹ ńkọ́, àdúgbò rẹ ńkọ́, kí lo fẹ́ràn níbẹ̀? Lẹ́yìn náà ni káàdì. Ìṣẹ́jú kan láti ronú, méjì láti fi sọ̀rọ̀. Ká ní káàdì ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ní kó ṣàlàyé ayẹyẹ kan nílùú rẹ̀. Ta ni yóò ṣàlàyé Ẹ̀yọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì? Ó fẹ́ sọ ti agbádá funfun àti akẹtẹ̀. Ó fẹ́ sọ ti ọ̀pámbàtà. Ó fẹ́ ka àwọn Òrìṣà Ẹ̀yọ̀ ní ẹsẹẹsẹ, Àdímú tó jẹ́ àgbà, Lábà, Oníkò, Ológèdè, Àgẹrẹ, kò sì fẹ́ fo ìkankan kí ojúlé kan má bàa bínú. Ó fẹ́ sọ pé ẹni tó dirun ní ṣùkú kò gbọdọ̀ kọjá, ẹni tó ń mu sìgá kò gbọdọ̀ kọjá. Ó wá rántí pé ẹni tó wọ bàtà náà kò gbọdọ̀ kọjá, ó la ẹnu, olùdánwò ní "Thank you." Bàtà ò sí nínú ìdánwò.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n gbà pé imú lo fẹ́ràn. Láti oṣù tí wọ́n ti sanwó ni wọn kò ti fi ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ra ẹ̀wà ní Ìdúmàgbò, imú ni wọ́n fi ń bèèrè, ìyá ẹlẹ́wà á rò pé ọ̀fìnkìn ló dé. Olówó mi, dá wọn lóhùn. Nǹkan mẹ́rin lo ń wọ̀n nínú Speaking: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn tó sì so kọ́ra, bí ọ̀rọ̀ tí èèyàn ní ṣe pọ̀ tó, gírámà, àti bí ohùn ṣe yé ni. Ohùn ọba Charles kò sí níbẹ̀. Ẹni tó sì há ìdáhùn sórí bí ẹni ń ka Fátíhà, kíá ni olùdánwò á fura.

Akọ̀wé ọlọ́rọ̀ àádọ́jọ!
Akọ̀wé ọlọ́rọ̀ igba ó lé àádọ́ta!

Writing rẹ, wákàtí kan, iṣẹ́ méjì. Nínú oríṣi rẹ tí wọ́n ń pè ní Academic, wọ́n á gbé àwòrán ìlà tó ń gòkè fún èèyàn kó ṣàpèjúwe rẹ̀. Ará Èkó tó ti fojú rí náírà àti dọ́là kò nílò lẹ́sìnnì fún ìyẹn. Nínú General, oríṣi kejì, lẹ́tà ni. Ẹni tó fẹ́ kó lọ gbé Canada nípasẹ̀ Express Entry, General ni tirẹ̀. Àwọn kan ti fi Academic sílẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n ń dúró de Canada, Canada sì ń dúró de General.

Kí n tó kúrò lórí Writing, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Amos Tutuola, ońṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbí ní Èkó, kọ The Palm-Wine Drinkard. Faber and Faber tẹ̀ ẹ́ ní London lọ́dún 1952, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ru Yorùbá lórí gẹlẹtẹ, Dylan Thomas fúnra rẹ̀ sì yìn ín nínú ìwé ìròyìn. Bó bá jẹ́ ìwọ ló kọ ọ́ fún ní Task 2, mélòó lo máa fún un? Mo rò pé 5 ni. Bóyá 5.5, bí inú rẹ bá dùn.

Àwọn orogún rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ wọ́n, mi ò ní kì wọ́n pẹ́. TOEFL ti Amẹ́ríkà dàgbà jù ọ́, 1964 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Kò fẹ́ rí ojú èèyàn, inú ẹ̀rọ lèèyàn ń sọ̀rọ̀ sí, ohùn ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì máa wọ inú tirẹ̀. PTE ti Pearson dé ní 2009, láti 10 sí 90 ni ìwọ̀n rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń fún un ní èyí tó pọ̀ jù nínú máàkì rẹ̀, èsì rẹ̀ sì yá débi pé ìfòyà kì í ráyè jókòó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já geere ṣùgbọ́n tí ojú olùdánwò ń dẹ́rù bà, kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. OET wà fún àwọn oníṣègùn àti nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ aláìsàn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé. Duolingo ló rọjú jù nínú gbogbo wọn, kò tó ọgọ́rùn-ún dọ́là, wákàtí kan péré, ilé lèèyàn sì ti ń ṣe é. Àmọ́ ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí ojú má kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ní yàrá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí màmá àgbà, àbúrò mẹ́ta àti máṣíìnì ìránṣọ jọ ń gbé? Níbi tí iná ti ń lọ láì dágbére? Bí físà UK bá sì bèèrè ìdánwò tí Home Office fọwọ́ sí, orúkọ Duolingo kò sí níbẹ̀. Tìrẹ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi ń yan.

Yan, olówó mi, ṣùgbọ́n má ṣe bí ẹni tó kọ́kọ́ mú Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ẹnu Ọ̀wá. Ìbọn àgbá ló kọ́kọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì létí wa, ní Oṣù Kejìlá 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun Britain lé Ọba Kòsọ́kọ́ lọ tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, CMS Grammar School ti ṣílẹ̀kùn, lọ́dún 1859, ọmọ Èkó ti ń ka gírámà. Ní ọjọ́ kẹfà Oṣù Kẹjọ 1861, wọ́n gbé ìwé kan wá bá Ọba Dòsùnmú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Èkó ni wọ́n fi gbà. Ọba àti àwọn ìjòyè fi àmì sí i. Ní ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní band wọn. Wọn ò ní kí wọ́n lọ gba 7 nínú Reading kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìlú.

Bákan náà ni ti Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tó jẹ oyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, olóyè onílẹ̀ Èkó. Ìjọba gba ilẹ̀ rẹ̀ ní Àpápá, ó bá wọn ṣẹjọ́ dé London ní 1920, Herbert Macaulay tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Privy Council dá a láre ní 1921. Listening rẹ̀, Macaulay. Speaking rẹ̀, Macaulay. Ó borí.

Lóde òní, ẹni tó bá ti orílẹ̀-èdè kan wá tí Home Office kà mọ́ àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, físà kò ní í mú un bá ọ pàdé. Jamaica wà lára wọn, Guyana wà lára wọn, Malta tí wọ́n ń sọ èdè Malta nílé náà wà lára wọn. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Nígbà tí Ebenezar Wikina àti àjọ rẹ̀, Policy Shapers, gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ jáde lórí èyí ní 2021, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ sí i, èsì tó wá láti London ni pé ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn ará ìlú lọ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àkọ́kọ́ wọn. Èyí tún ni ìdajì! Èdè tí wọ́n fi gba Èkó, tí wọ́n fi ń dájọ́ wa, tí wọ́n fi ń na ọmọ wa ní kíláàsì bó bá sọ Yorùbá, ó wá di pé a ò gbọ́ ọ tó. Ẹ kú ọgbọ́n o.

Ká má gbàgbé àwọn ẹrú ààfin rẹ. Àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé Cambridge títí lẹ́tà á fi di èèrà. Àwọn onílẹ́sìnnì tó ń ṣèlérí 8 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àti àwọn tó burú jù, tí ń ta ìwé-ẹ̀rí rẹ fún ẹni tí kò jókòó ìdánwò. Nọ́ńbà wà lára ìwé-ẹ̀rí rẹ, ilé-ìwé tó gbà á á yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ra òfegè á wá fi owó rẹ̀ ra ìtìjú. Àwọn wọ̀nyẹn, mi ò kì wọ́n.

Mo ti kì ọ́ tó. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Ẹni tí mo bá kì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, owó ló máa ń lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí, bó bá jẹ́ aṣọ, á bọ́ ọ. Ìwọ, mo kì ọ́ tán, nọ́ńbà káàdì báńkì mi lo ń bèèrè. Ó dáa, gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò tọrọ aṣọ, mi ò tọrọ ẹṣin. Ọmọ àbúrò mi kan ń jókòó fún ọ lọ́jọ́ Sátidé. Ìdajì, olówó mi, ìdajì péré, sí Writing.